Ohun Tó Wà Níbẹ̀ Tẹ́lẹ̀

Obìnrin náà ṣí ìwé ìfowópamọ́ rẹ̀ sórí tábìlì, ó fi ìka tẹ nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ojú ewé: ₦218,500. Kọ̀ǹpútà tó wà níwájú wa ní ₦186,500 ni. Aṣọ ló ń tà ní Yaba, nínú ìlú Oǹdó. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń ṣòwò, kì í ṣe ẹni tí ìṣirò ń dàrú mọ́ lójú. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ̀ńjíníà, ọmọ mi, mi ò bá ẹ jà. Ṣáà sọ ẹni tó yí i fún mi, àti ọjọ́ tó yí i."

Èmi ni mo kọ ètò kọ̀ǹpútà tí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wọn ń lò. Àkúrẹ́ ni mo fi ṣe ibùgbé. Nígbà tí wọ́n pè mí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé ẹ̀rọ kì í gbàgbé. Ọdún 2016 ni. Mo wọ mọ́tò ní kùtùkùtù, a gba Ọ̀wẹnà kọjá, aago mẹ́sàn-án kò tíì lù tí mo fi jókòó sídìí ẹ̀rọ wọn. Mo wá ìlà obìnrin náà jáde nínú database. Ohun tí mo bá níbẹ̀ kò ju ohun tí gbogbo wa ti rí lọ: ₦186,500. Kò sí ₦218,500 níbì kankan. Kò sí ọjọ́, kò sí orúkọ. Nọ́ńbà náà jókòó sínú àpótí rẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí.

Ẹnu mi gbẹ. Ohun tí ìyá yìí béèrè kò pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní i.

Ẹni tí kò bá tíì bá irú database yìí ṣiṣẹ́ rí, kó fojú inú wo tábìlì. Orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ wà ní òpó kan, nọ́ńbà rẹ̀ ní òpó kejì, owó rẹ̀ ní òpó kẹta, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní ìlà tirẹ̀. Edgar Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń bá IBM ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ló gbé ìlànà náà kalẹ̀ lọ́dún 1970. Ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, ni wọ́n ti fi ẹfun ya á sára pátákó fún wa, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ náà, nítorí pé ó mọ́ tónítóní. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló tó láti fi yí ohun tó wà nínú rẹ̀ padà. INSERT a máa fi ìlà tuntun sí i, DELETE a máa yọ ìlà kúrò, UPDATE a sì máa fi iye tuntun dípò ti àtijọ́. UPDATE yìí ni kí ẹ bá mi wò dáadáa. Nígbà tí ó bá ti gbé iye tuntun sílẹ̀, iye àtijọ́ kò lọ síbì kan tí a lè lọ bá a. Lóòótọ́, ẹ̀rọ náà ní fáìlì tirẹ̀ tó ń kọ gbogbo iṣẹ́ sí kí ó tó ṣe é, kí ó lè rántí ibi tó dé bí iná bá lọ. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ló ń kọ ọ́ fún. Bí ewu bá ti kọjá, á tún ààyè náà lò fún nǹkan mìíràn. Nígbà tí mo fi dé Oǹdó lọ́jọ́ náà, ó ti pẹ́ tí ìyẹn ti lọ.

Ènìyàn mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì náà, password kan ṣoṣo ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń lò. Èmi ni mo fún wọn ní ẹyọ kan yẹn, nítorí pé ó yá. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan ló sábà máa ń wà nídìí ẹ̀rọ, òun ló ń tẹ owó wọlé, nítorí náà òun ni gbogbo ojú yí sí. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Alága ìgbìmọ̀ kò bú u. Ó kàn ń bi í ní ìbéèrè kan náà lóríṣiríṣi ọ̀nà ni, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, ìyẹn sì burú ju èébú lọ. Ọmọ náà ń sọ pé, "Bàbá, mi ò fọwọ́ kàn án, sà." Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ ní kó mú ẹ̀rí wá. Báwo ni ènìyàn ṣe ń mú ẹ̀rí wá pé òun kò ṣe nǹkan? Ó yíjú sí mi. Ó gbà pé èmi tí mo kọ ètò náà á lè tọ́ka sí ibì kan, kí n ní, ẹ wò ó, kì í ṣe òun. Ojú kọ̀ǹpútà ni èmi ń wò.

Ẹgbẹ́ dá owó padà fún ìyá aláṣọ, nítorí pé ìwé ọwọ́ rẹ̀ ní òǹtẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lé ọmọbìnrin náà. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí oṣù tó parí.

Àwa tí a ń ṣe irú iṣẹ́ yìí sábà máa ń sọ pé torí olè ni a ṣe ń kọ ìyípadà sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìwé tí a fi kọ́ṣẹ́ ṣe sọ fún wa, mo sì ti sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà pẹ̀lú, nígbà tí mo bá fẹ́ kí wọ́n sanwó fún un. Ní ọ́fíìsì yẹn ni mo ti mọ̀ pé ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó jalè, bí ẹnì kan bá tilẹ̀ jalè, kò pàdánù kọ́bọ̀ nínú àìsí àkọsílẹ̀ yẹn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ni wọ́n gba aṣọ lára rẹ̀.

N kò padà sí Àkúrẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ilé wa ní Òkè-Àgùnlá ni mo sùn. Bàbá mi ti di olóògbé nígbà yẹn, ṣùgbọ́n àpótí rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi. Akọ̀wé kòkó ni bàbá mi. Ó bá oníṣòwò kan tó gba ìwé àṣẹ láti máa ra kòkó ṣiṣẹ́ láti ọdún 1971 títí di 1986, tí ìjọba fi pa àwọn bọ́ọ̀dù tó ń ra ire oko rẹ́. Àwọn lẹ́jà rẹ̀ ló wà nínú àpótí náà, ẹ̀yìn wọn pupa, eruku kòkó kò sì tíì kúrò lára wọn pátápátá. N kò lè sọ ohun tó mú mi ṣí i. Bóyá mo kàn fẹ́ rí ìwé tó ní àná nínú.

Ojú ewé tó kọ́kọ́ dá mi dúró ni ti January 1973, nígbà tí owó ilẹ̀ wa kúrò ní pọ́n-ùn tó di náírà. Bàbá mi kò ha nǹkan kan kúrò. Ó fa ìlà sábẹ́ àkáǹtì àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó kọ iye tó kù ní pọ́n-ùn, ó sì kọ ìlọ́po méjì rẹ̀ ní náírà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí náírà méjì ni wọ́n fi pààrọ̀ pọ́n-ùn kan. Ó kọ ọjọ́, ó fọwọ́ sí i. Ojú ewé bí ogójì ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Àwa náà máa ń kó dátà kúrò nínú ètò àtijọ́ lọ sínú tuntun, a sì máa ń ṣe é lóru kan ṣoṣo. Mélòó nínú wa ló máa ń fi iye àtijọ́ sí ẹ̀gbẹ́ iye tuntun kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè wo méjèèjì pọ̀?

Ojú ewé kejì kò tóbi tó bẹ́ẹ̀, òun gan-an ni n kò lè gbàgbé. Ọdún 1978 ni. Àgbẹ̀ kan láti abà kan lọ́nà Ọ̀rẹ̀ gbé kòkó wá. Wọ́n kọ àpò 11 sílẹ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba àárín 11 náà kọjá, ó tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé o lè ka 11 náà láìfún ojú pọ̀. 10 wà lókè rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọjọ́ wà, ìbuwọ́lù bàbá mi, ìtẹ̀ka àgbẹ̀ náà, àti ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré: àpò kan kò gbẹ.

Rọ́bà tí a fi ń pa nǹkan rẹ́ kò sí lórí tábìlì bàbá mi rí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rí i tó ṣàṣìṣe, mo sì fi itọ́ sí ìka mi láti bá a pa á rẹ́, bí a ti máa ń ṣe nílé ìwé. Ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ kí ẹni tó bá ka ìwé yìí rò pé èmi ò ṣàṣìṣe rí ni?" Ó yà mí lẹ́nu, nítorí ohun tí mo rò pé ó yẹ kó fẹ́ gan-an nìyẹn.

Àwa ará ìpínlẹ̀ yìí ní ìdí tí nọ́ńbà tó yí padà fi gbọ́dọ̀ máa kọ wá lóminú. Ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, 1976, ni wọ́n bí mi. Ọmọ ọdún méje ni mí ní August 1983, nígbà tí FEDECO, àjọ elétò ìdìbò ìgbà náà, kéde pé Akin Ọmọ́bóríowó ló wọlé ìbò gómìnà, kì í ṣe Adékúnlé Ajáṣin tó wà lórí oyè. Àkúrẹ́ gbiná. Ilé jó, ẹ̀mí sọnù. Ní Oǹdó, bàbá mi ti ìsọ̀ kòkó pa, ó sì kó lẹ́jà wálé, ó gbé wọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó lè jẹ́ láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́. Àwọn adájọ́ kò fi ti ìkéde ṣe, wọ́n gbọ́ ẹ̀rí lórí ìbò tí àwọn ènìyàn dì kí ó tó di àpapọ̀, wọ́n ní Ajáṣin ló wọlé, ìdájọ́ náà sì dúró títí dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Ajáṣin bẹ̀rẹ̀ sáà kejì ní October 1. Àwọn ológun gbàjọba ní December 31. Lẹ́yìn náà, nínú ìbò 2007, ó di February 2009 kí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Olúṣẹ́gun Mímíkò, ọmọ bíbí ìlú Oǹdó, ló wọlé, kì í ṣe Olúṣẹ́gun Àgagù tí àjọ elétò ìdìbò, INEC, ti kéde.

Kì í ṣe torí òṣèlú ni mo fi mẹ́nu kàn án. Ohun tí mo ń wò níbẹ̀ ni pé nígbà méjèèjì, ibì kan wà tí ènìyàn lè padà sí. Kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó kéde àpapọ̀ nìkan ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ibùdó ìbò wà. Nígbà tí a dìbò gómìnà ní October 10, 2020, INEC ti ń gbé àwòrán fọ́ọ̀mù EC8A, ìwé èsì ìbò ti ibùdó kọ̀ọ̀kan, sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni lè fi í wé ohun tí wọ́n bá kéde lẹ́yìn. Ẹni tó bá yí iye padà lójú ọ̀nà kò lè yí ti ibi tó ti gbéra. Database tí mo kọ fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá ọlọ́jà kò ní irú fọ́ọ̀mù yẹn. Àpapọ̀ nìkan ló ní.

Ní 2016 yẹn, mo padà sí Àkúrẹ́, mo sì fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ ohun tó yẹ kí n ti kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tábìlì kan ni, mo pè é ní iwe_iyipada. Òpó rẹ̀ kò pọ̀: tábìlì tí ọ̀rọ̀ kàn, nọ́ńbà ìlà náà, ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tó di, ẹni tó ṣe é, ìgbà tó ṣe é, ìdí. Lẹ́yìn náà mo gbé trigger ka ẹnu ọ̀nà tábìlì owó. Ẹ̀ṣọ́ ni trigger. Ẹni yòówù kó fẹ́ yí ìlà kan padà, ìbáà gba ojú ètò wa wọlé, ìbáà gba ẹ̀yìnkùlé wọlé pẹ̀lú irinṣẹ́ mìíràn, ẹ̀ṣọ́ yìí á di ìlà àtijọ́ mú lọ́wọ́ kan, á di ìlà tuntun mú lọ́wọ́ kejì. OLD àti NEW ni orúkọ tí wọ́n ń jẹ́. Á kọ méjèèjì sílẹ̀.

Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí inú mi ṣì ń dùn sí títí dòní. Inú transaction kan náà ni ìyípadà àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà. Ẹ mọ bí iná ṣe ń lọ lọ́dọ̀ wa láìdágbére. Bí ó bá lọ láàárín méjì, méjèèjì ni ẹ̀rọ yóò wọ́gi lé. Kò lè sí ìyípadà tí kò ní àkọsílẹ̀, kò sì lè sí àkọsílẹ̀ ohun tí kò wáyé. Bàbá mi kò ní irú èyí. Bí wọ́n bá pè é nígbà tó ti gé 11 tí kò tíì kọ 10, ìwé á dúró bẹ́ẹ̀ títí tó fi máa dé.

Àwọn ọ̀nà mìíràn wà. Láti 2011 ni òfin SQL, èdè tí a fi ń bá database sọ̀rọ̀, fúnra rẹ̀ ti ní tábìlì tó ń rántí gbogbo ìrísí tó ti ní rí, tí o lè bi í léèrè pé báwo lo ṣe rí ní ọjọ́ báyìí báyìí. SQL Server ní irú rẹ̀ láti 2016, MariaDB náà ní i. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tí kò fẹ́ kí trigger fa ọwọ́ iṣẹ́ sẹ́yìn máa ń jẹ́ kí ètò mìíràn ka fáìlì inú ẹ̀rọ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, kó kó ìyípadà inú rẹ̀ kí ààyè náà tó di ti nǹkan mìíràn. Trigger ni mo yàn, nítorí ẹgbẹ́ náà kéré, ojú mi sì tó gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló kọ́kọ́ fẹ́ já mi kulẹ̀. Ètò wa ń fi orúkọ kan ṣoṣo bá database sọ̀rọ̀, nítorí náà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ gbogbo ìlà inú iwe_iyipada ló ń sọ pé ẹnì kan náà ló ṣe gbogbo nǹkan. Ìwé ẹ̀rí tí kò mọ ènìyàn kan yàtọ̀ sí èkejì á tún dá gbogbo wọn lẹ́bi pọ̀ ni. Mo fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní password tirẹ̀, mo sì mú kí ètò náà sọ orúkọ ẹni tó jókòó fún database kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀.

Òpó ìdí ni n kò rò pé yóò já sí nǹkan kan. Mo fi sí i nítorí àpò tí kò gbẹ. Ní oṣù mélòó kan, "àtúnṣe" ni gbogbo wọn ń kọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò sọ nǹkan kan. Alága kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò fẹ́ rí "àtúnṣe" mọ́. Ohun tí wọ́n ń kọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà díẹ̀díẹ̀. "Mo tẹ òdo kan lé." "Ìyá náà san án lẹ́ẹ̀mejì, a dá ọ̀kan padà." "Orúkọ wọn jọra, mo ṣì í kọ." Mo máa ń jókòó ní Àkúrẹ́ lálẹ́, kí n máa kà wọ́n. Ẹrù tí kò sí lọ́rùn àwọn tó kọ wọ́n hàn nínú wọn. Ẹni tó mọ̀ pé àṣìṣe òun ti wà lákọsílẹ̀, pẹ̀lú ìdí rẹ̀, kò ní ohun tó máa fi pamọ́ mọ́.

Àwọn àlàfo wà tí mo ní láti dí. TRUNCATE, àṣẹ tó ń gbá tábìlì mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kì í jí ẹ̀ṣọ́ tí a fi sọ́ DELETE, nítorí náà mo gba àṣẹ náà kúrò lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Mo rí i pé trigger náà fẹ́ máa da password àti nọ́ńbà BVN àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kọ sínú àkọsílẹ̀, mo sì yọ àwọn òpó wọ̀nyẹn kúrò. Láti ìgbà tí òfin ààbò dátà ti jáde ní 2023, ọ̀rọ̀ yẹn tún ti wúwo sí i, nítorí ẹni tó ní kí ẹ pa nǹkan òun rẹ́ lè ní ẹ̀tọ́ sí i, ìwé tí kì í gbàgbé sì wà níbẹ̀. Ọ̀nà tí mo ń gbà ni pé nǹkan owó ni mo ń tọ́jú, n kì í tọ́jú ohun tí kò kan owó.

Èmi fúnra mi ńkọ́? Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé wà. Ẹni tó lè kọ ẹ̀ṣọ́ lè ní kí ẹ̀ṣọ́ lọ sùn. Mo gba UPDATE àti DELETE kúrò lórí iwe_iyipada, tèmi náà mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹni tó gbà á kúrò lè dá a padà. Ibi tí mo wá já sí ni pé lálaalẹ́, ẹ̀dà àkọsílẹ̀ náà ń lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn ní Oǹdó, tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tí èmi kò ní. Alága rò pé mo ń dá ara mi lára. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá mi ṣe é.

Ní March 2019, ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ wá ní owó òun dín. ₦64,000 ló yẹ kó wà níbẹ̀, ₦59,000 ni wọ́n bá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wà nídìí ẹ̀rọ nígbà yẹn. Ó pè mí, ohùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n, nítorí ó ti gbọ́ ìtàn ẹni tó wà lórí àga náà ṣáájú rẹ̀. Mo ní kó ṣí iwe_iyipada kó kà á sí mi létí. Ìlà kan péré ni. Ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, 64,000. Ohun tó di, 59,000. Ìgbà, aago kan òru, ìyẹn aago méjì lọ́dọ̀ wa, nítorí aago àgbáyé ni mo fi ẹ̀rọ sí, tiwa sì fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó ṣe é, eto_oru.

Eto_oru kì í ṣe ènìyàn. Ètò tí mo kọ ni, láti máa yọ owó ẹ̀yáwó lóṣooṣù nígbà tí gbogbo ayé bá ti sùn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni mo fi rí àṣìṣe inú rẹ̀. Nọ́ńbà fóònù ni mo fi ń wá ẹni tó jẹ owó, n kò fi nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ wá a. Mo ti rò pé ẹnì kan, fóònù kan. Ta ni ó kọ́ mi ní irú èyí, èmi tí mo dàgbà ní Oǹdó? Ìyá tí kò ní fóònù á fi ti ọmọ rẹ̀ sí fọ́ọ̀mù. Ọmọ iṣẹ́ á fi ti ọ̀gá rẹ̀ sí i. Bí ẹni méjì bá ní nọ́ńbà kan náà, eto_oru á rí ìlà méjì, á sì yọ owó nínú méjèèjì. Ọmọ ìyá eléèlùbọ́ yá owó, ₦5,000 ló sì ń san lóṣù. Wọ́n yọ ọ́ lára ọmọ, wọ́n yọ ọ́ lára ìyá.

Ọwọ́ mi ti wà lórí fọ́ọ̀mù 2016 kí n tó parí ìrònú náà. Ìyá aláṣọ ní ọmọ iṣẹ́ kan nígbà yẹn, tí òun pẹ̀lú jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ọmọ iṣẹ́ náà yá owó. ₦8,000 ló ń san lóṣù. Nọ́ńbà fóònù tó wà lórí fọ́ọ̀mù rẹ̀ ni ti ọ̀gá rẹ̀. Láti ìgbà tó ti yá a di àárọ̀ ọjọ́ tí mo gba Ọ̀wẹnà kọjá jẹ́ oṣù mẹ́rin. Mẹ́rin lọ́nà ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjìlélọ́gbọ̀n. Mo jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, n kò tanná.

Ìṣirò náà bára mu. Síbẹ̀ n kò ní ìlà kan tí mo lè fi hàn ẹnikẹ́ni. Ti ìyá eléèlùbọ́, mo ní i, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Ti 2016, mo mọ̀ ọ́n, mo lè fi Bíbélì búra, ṣùgbọ́n UPDATE ti lọ pẹ̀lú rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún alága. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ìgbìmọ̀ kọ lẹ́tà, ẹni mẹ́ta buwọ́ lù ú, pé ọmọbìnrin náà kò mọwọ́ mẹsẹ̀, pé ètò kọ̀ǹpútà ló ṣe é. Mo bẹ̀ wọ́n pé èmi ni kí n mú un lọ.

Ọmọbìnrin náà ti ń ṣe POS lẹ́bàá Sabo, lábẹ́ agbòòrùn aláwọ̀ ewé kan. Ó dá mi mọ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà." Kò rẹ́rìn-ín, kò sì fajú ro. Mo sọ ohun tí mo bá wá, mo ní èmi ni mo jẹ̀bi, mo nawọ́ lẹ́tà sí i. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ní, "Ṣé ó wà nínú kọ̀ǹpútà yín, sà? Pé kì í ṣe èmi?"

Mo ní rárá. Mo ní ìṣirò ni mo fi mọ̀ ọ́n, pé ti ọdún yẹn kò sí lákọsílẹ̀.

Kò fèsì. Ọkùnrin kan wá gba ₦10,000. Ó fa káàdì rẹ̀, ó ka owó fún un, lẹ́yìn náà ó fa ìwé kan yọ lábẹ́ tábìlì, ìwé nípọn, ó kọ aago, iye, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn káàdì, ó ní kí ọkùnrin náà buwọ́ lù ú. Mo rí ìwé náà. Ó ti kún dé ìdajì, ó sì sọ fún mi pé ìkẹfà rẹ̀ nìyẹn. Ní òkè ojú ewé náà, nọ́ńbà kan wà tó ti fi ìlà kan péré gé, èmi sì lè kà á láti ibi tí mo dúró sí, tuntun wà lókè rẹ̀.

Ó ṣẹ́ lẹ́tà náà po sí méjì, ó fi í sínú ọ̀rá tó kó ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sí. Ó padà sórí ìwé náà, ó bọ́ sí ìlà tuntun, ó kọ ọjọ́, ó kọ ọ́ pé lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́. Ó yí ìwé náà sí ọ̀dọ̀ mi, ó sì na báírò.

"Ẹ bá mi buwọ́ lù ú, sà."

Mo kọ orúkọ mi ní kíkún. Ó wo aago fóònù rẹ̀, ó fi 11:42 sí i.